Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Orin tí àwọn àgbà ilẹ̀ Jàpáànì kọ fún ọmọ ọdún 15



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí Mísà kejì ti parí, bàbá kan nínú ìjọ wa fà wá lọ sí ẹ̀yìn ilé Ọlọ́run. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ tẹlifóònù ọmọ rẹ̀ jáde, ó ní: "Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gbọ́ nǹkan yìí. Alaalẹ́ ni ọmọ yìí ń fi etí sí i kí ó tó sùn. Kì í ṣe Faransé, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Gùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Fọ̀n. Ìyá rẹ̀ ní àfàìmọ̀ kí ó má jẹ́ ọfọ̀. Ẹ̀rù ń bà wá." Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó dorí kodò. Ọmọ ọdún 15 ni, ó wà ní kíláàsì troisième, ìdánwò BEPC sì ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

A kò ní purọ́ fún yín: nínú ọkàn wa, a ti dá ẹjọ́ náà kí a tó gbọ́ ọ. A rò pé orin inú àwọn fíìmù àwòrán tí àwọn ọmọdé ń wò ni, ariwo lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi etí sí i, pianó nìkan ni a kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin kan. Ẹnì kan ti fi èdè Faransé kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Èdè Jàpáànì ni. A kà á títí dé òpin, a sì dá tẹlifóònù padà, kì í ṣe fún bàbá, bí kò ṣe fún ọmọ. A ní kí bàbá náà fún wa ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí a lè wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí a rí ni a kọ sí ojú ewé yìí, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú orin bẹ́ẹ̀ ti wọ̀.

Ní ilẹ̀ Jàpáànì, ọmọ a máa lo ọdún 6 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a lo ọdún 3 ní ilé-ìwé tí ó dà bí kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, láti ọmọ ọdún 12 títí dé ọmọ ọdún 15. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn parí sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn, gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kí ilé-ìwé mìíràn tó gbà á. Oṣù kẹrin ni ọdún ilé-ìwé wọn ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta ni ó sì ń parí, nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òdòdó ń bọ̀. Ẹ wo ọmọ náà ní oṣù kẹta yẹn: ìdánwò ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyapa àwọn ọ̀rẹ́ ní ọwọ́ òsì, ara tí ń yí padà láàárín. Kò yàtọ̀ sí ọmọ tiwa tí BEPC ń lé kiri. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáànì ṣe ohun kan tí àwa kò tíì rò láti ṣe: wọ́n kọ orin fún ọjọ́ orí yẹn gan-an, orin púpọ̀, àwọn àgbà ni wọ́n sì kọ púpọ̀ nínú wọn.

Orin kì í ṣe eré ìdárayá lásán ní àwọn ilé-ìwé wọ̀nyí. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, kíláàsì kan a máa bá èkejì díje nínú orin lọ́dọọdún. Ọmọ kíláàsì ni ó ń darí, ọmọ kíláàsì ni ó ń tẹ pianó, gbogbo àwọn yòókù ni ó sì gbọ́dọ̀ kọ, ẹni tí ó ní ohùn àti ẹni tí kò ní. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kọrin ní Mísà mọ ìyọnu tí ó wà níbẹ̀. Ohùn ọmọkùnrin ọdún 13 tàbí 14 kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: ní òwúrọ̀ ó dún bí ti ìyá rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó dún bí ti àkùkọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń kọ. Àwa a máa ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ jókòó títí ohùn rẹ̀ yóò fi wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í padà wá mọ́. Ní Jàpáànì, wọ́n sábà máa ń pín orin àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì sí ohùn mẹ́ta: méjì fún àwọn ọmọbìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ọmọkùnrin, tí kò ga jù, tí kò sì rẹlẹ̀ jù. Ọ̀gá akọrin wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Lókè gbogbo rẹ̀ ni ìdíje orin ti gbogbo orílẹ̀-èdè wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ ràdíò àti tẹlifísọ̀n tí à ń pè ní NHK ń ṣe. Ọdún 1932 ni ìdíje yìí ti bẹ̀rẹ̀. Orin kan náà ni a ń yàn fún gbogbo ilé-ìwé tí ó wà ní ìpele kan, lẹ́yìn náà olúkúlùkù a sì fi orin tí ó wù ú kún un. Ní ọdún 2008, obìnrin olórin kan tí ń jẹ́ Angela Aki ni ó kọ ti àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ olórin Ikimono-gakari ni wọ́n kọ ọ́. Orin Angela Aki ni ọmọ wa ń gbọ́.

Ní ọdún 1977 ni a bí obìnrin yìí ní Tokushima. Ará Jàpáànì ni bàbá rẹ̀, ará Amẹ́ríkà ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní èwe, ó kọ lẹ́tà kan sí ara rẹ̀, ìyẹn ni pé sí obìnrin tí òun yóò dà lọ́jọ́ iwájú. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 30, ìyá rẹ̀ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ìyá: ìwé pélébé kan tí ọmọ kọ nígbà tí ojú rẹ̀ le, tí ó ṣeé ṣe kí àwa ti fi dáná, ni ìyá yìí mú jáde ní ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Láti inú lẹ́tà yẹn ni orin náà ti wá. "Tegami" ni ó pè é, èyí túmọ̀ sí lẹ́tà, ó sì fi kún àkọlé náà pé sí ọmọ ọdún 15 ni.

Apá méjì ni orin náà ní. Ní apá kìíní, ọmọ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ẹrù kan lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ tí ó ti dàgbà, bóyá ìyẹn yóò lóye. Ní apá kejì, àgbà náà fèsì. Ìdáhùn yìí ni ó ká wa lára. A ti ń retí pé àgbà yóò wí pé: "Dákẹ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan, bí o bá dàgbà o ó rí i." Bẹ́ẹ̀ ni àwa máa ń wí. Àgbà inú orin yìí kò wí bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún ọmọ náà pé dídàgbà kò mú ìrora kúrò, pé òun náà ṣì ń ní in, ṣùgbọ́n pé òun wà láàyè, ọ̀nà ṣì ń lọ níwájú. Kò ṣe ìlérí ọrọ̀, kò sì bá a wí.

Òǹkọ̀wé kan, Nakata Eiichi, gbé ìwé ìtàn kan jáde ní ọdún 2011 lórí ẹgbẹ́ akọrin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ó ń múra láti fi orin yìí díje, a sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní ọdún 2015. Nínú ìtàn náà, àwọn ọmọ ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ibi tí ó fi ìtàn náà sí ni àwọn erékùṣù Gotō, ní agbègbè Nagasaki. Ọkàn wa sọ nígbà tí a rí orúkọ yìí, bóyá ti ẹ̀yin náà yóò sọ. Nígbà tí ìjọba Jàpáànì ka ẹ̀sìn Krístì léèwọ̀ ní ọdún 1614, tí wọ́n lé àwọn àlùfáà, tí wọ́n sì pa púpọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́, àwọn tí ó kù fi ara pa mọ́. Lẹ́yìn náà púpọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Gotō. Kò sí àlùfáà, kò sí Mísà. Láti ẹnu bàbá sí etí ọmọ ni wọ́n ti ń gbé àdúrà kọjá, ìran dé ìran, títí di ọdún 1865 tí àwọn kan ní Nagasaki fi wá fi ara hàn fún Fádà Petitjean, àlùfáà ará Faransé, nínú ilé Ọlọ́run tuntun ní Ōura. Ọdún 1873 ni ìjọba mú èèwọ̀ náà kúrò. Ilé Ọlọ́run ṣì pọ̀ ní Gotō títí di òní. A mọ̀ pé èyí yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n katikísímù ni iṣẹ́ wa, a kò lè kọjá níbẹ̀ kí a má kí wọn.

Kì í ṣe gbogbo orin tí ó ń dárúkọ ọmọ ọdún 15 ní Jàpáànì ni ó tutù bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1983, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ozaki Yutaka, ọmọ ọdún 18, gbé orin kan jáde tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí òru ọmọ ọdún 15: ọmọ tí ilé sú, tí ilé-ìwé sú, tí ó jí alùpùpù gùn lọ nínú òkùnkùn. Ní ọdún 1985 ó tún kọ òmíràn lórí ìparí ẹ̀kọ́, níbi tí a ti ń fọ́ fèrèsé ilé-ìwé. Àwọn ọdún yẹn, lílu olùkọ́ àti bíba nǹkan jẹ́ ti di àrùn ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Jàpáànì. Ozaki kú ní ọdún 1992, ọmọ ọdún 26 péré. A kò ní fi orin rẹ̀ kọ́ ẹnikẹ́ni nínú àgbàlá ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wí pé irọ́ ni ọmọkùnrin náà ń pa, ẹni yẹn kò tíì bá ọmọ tí ó ti sá kúrò nílé sọ̀rọ̀ rí.

Inú irú ilé-ìwé onírúkèrúdò bẹ́ẹ̀ ni orin tí àwa fẹ́ràn jù ti jáde. Ní ìlú Chichibu, láàárín àwọn òkè, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí ń jẹ́ Kagemori. Ìwà àwọn ọmọ ibẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Kojima Noboru, kò kọ́kọ́ wá pàṣán. Ó ní òun fẹ́ kí ilé-ìwé náà kún fún orin. Ẹnì kejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni olùkọ́ orin, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Sakamoto Hiromi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kò fẹ́ la ẹnu. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Nígbà tí ó di ọdún 1991, ó kù díẹ̀ kí ọ̀gá náà fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ orin bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ orin kan tí wọn yóò fi ta àwọn ọmọ tí ń jáde lọ́rẹ. Ó ní òun kì í ṣe akéwì. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ orin dé ibi iṣẹ́, ó bá ìwé kan lórí tábìlì rẹ̀. Ọ̀gá ti kọ ọ́ ní òru. Obìnrin náà mú ìwé náà lọ síbi pianó. Wọ́n ní kò ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ tí ohùn orin náà fi dé. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé ìdágbére pé, kì í ṣe àwọn ọmọ ni wọ́n kọ ọ́. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n dìde dúró níwájú àwọn ọmọ, tí ọ̀gá ilé-ìwé wà láàárín wọn, tí wọ́n sì kọ ọ́ fún wọn. Ẹ dúró níbẹ̀ ná, ẹ wo àwòrán yẹn: àwọn tí ń báni wí lójoojúmọ́ tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń kọrin fún ọmọ tí wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti rò pé wọn yóò kọ orin náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdún tí ó tẹ̀ lé e gbà á, àwọn olùkọ́ orin níbòmíràn gbà á, lónìí "Tabidachi no hi ni", èyí tí ó túmọ̀ sí ní ọjọ́ ìrìnàjò, wà nínú àwọn orin ìparí ẹ̀kọ́ tí a ń kọ jùlọ ní gbogbo Jàpáànì. Ọ̀gá Kojima kú ní ọdún 2011.

Ṣáájú èyí, àwọn orin àtijọ́ ni wọ́n fi ń dágbére. Èyí tí ó lókìkí nínú wọn wọ ìwé orin ilé-ìwé wọn ní ọdún 1881, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tanátaná. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ̀yin náà yóò bá wọn kọ ọ́, nítorí ohùn orin ilẹ̀ Skọ́tílándì ni, ohùn kan náà tí Fádà Jacques Sevin, àlùfáà Jésúíìtì, fi ọ̀rọ̀ Faransé sí ní ọdún 1920 fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ skáótù: "Ce n'est qu'un au revoir". Àwa kọ ọ́ ní séminérì, a di ọwọ́ ara wa mú, a sì sunkún. Àwọn ọmọ Jàpáànì ti ń sunkún sí ohùn yẹn kí a tó bí bàbá wa.

Àwọn ọmọ náà a sì máa fúnra wọn gba orin tí a kò kọ fún wọn. Ní ọdún 2004, àwọn ẹgbẹ́ olórin Remioromen kọ orin kan fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n fi ọjọ́ ìgbéyàwó náà, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ṣe àkọlé rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé rí i pé oṣù kẹta ni, oṣù ìdágbére. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìyàwó.

Ìkan ṣoṣo ni ó kù tí a fẹ́ sọ fún yín. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2011, ilẹ̀ mì tìtì ní ìlà-oòrùn Jàpáànì, òkun ya wọ ilẹ̀, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ti Fukushima tí ó ń lo agbára átọ́mù sì bàjẹ́. Gbogbo ènìyàn tí ó wà ní kìlómítà 20 sí i ni a ní kí ó kúrò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Odaka, ní Minamisōma, wà nínú àyíká yìí. Nínú àwọn ọmọ ọdún kìíní ibẹ̀, omi gbé ẹni méjì lọ. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù fọ́n ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn díẹ̀ tí ó kù ń kàwé nínú ilé-ìwé tí a yá wọn. Olùkọ́ orin wọn, Oda Miyuki, lẹ àwòrán àwọn tí wọ́n ti lọ mọ́ àwòrán ilẹ̀ Jàpáànì, olúkúlùkù sí ibi tí ó wà. Bí àwọn ọmọ ti ń wò ó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà ń kọ ohun tí wọ́n ń wí sílẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni ó tò pọ̀ tí ó sì fi ohùn sí, ó pè é ní "Gunjō", orúkọ àwọ̀ aró tí ó dúdú dáadáa. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, nígbà tí kíláàsì náà ń parí ẹ̀kọ́, wọ́n kọ ọ́. Ọdún 2017 ni ilé-ìwé náà tó padà sí Odaka.

Lẹ́yìn tí a kó gbogbo èyí jọ, a pe bàbá náà, a sọ ọ́ fún un. Ó ní: "Olùkọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà?" A ní kò sí. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: "Nígbà tí èmi wà ní ọdún 15, kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè nǹkan kan." Àwa náà kò rí èsì fún un, nítorí ọdún kẹta nìyí tí àwa ń kọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yẹn fún Kọ̀nfìmásíọ̀n, a sì ṣí ìwé ẹ̀kọ́ wa ní alẹ́ ọjọ́ náà láti wo iye ibi tí a ti bi wọ́n léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. A rí "ẹ ṣe èyí". A rí "ẹ má ṣe ìyẹn". Ìbéèrè tí a rí kò ju ti inú ìwé lọ, èyí tí ìdáhùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ọmọbìnrin náà wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní ní alẹ́ kan, bí ìyá òun ti ń ṣa ẹ̀wà, bàbá òun ní kí òun mú orin náà wá, kí òun máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Ó ní ó ṣòro díẹ̀, pé òun gbé àwọn ọ̀rọ̀ kan fò. Ó ti kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí ara rẹ̀ báyìí, ó sì ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá rẹ̀ ni ó gbà á. Ó wà nínú àpótí, lábẹ́ àwọn aṣọ òkè, pẹ̀lú ìwé batísí ọmọ náà.